Ìyáàfin Anna Hinderer ti Kúdẹtì, àti Ọ̀wọ́n Owó ní Ìgbà Ogun Ìjàyè

Àwọn ènìyàn kan wà tí ó jẹ́ pé ṣíṣa owó àtijọ́ jọ ni ó ń dùn mọ́ wọn nínú. Lára wọn ni a ti rí àwọn tí kò bìkítà fún owó wúrà tí ọba rọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń wá owó bàbà kéékèèké tí àwọn oníṣòwò fúnra wọn rọ ní àkókò ogun, nígbà tí owó ìjọba pòórá lọ́jà. Owó bẹ́ẹ̀ kò jọ ojú, bẹ́ẹ̀ ni bàbà inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mọ̀ pé ìtàn ni òun dì mú. Ó ń sọ nípa ìgbà tí ayé le, àti bí àwọn ọmọ ènìyàn ti ṣe là á já.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣa irú owó bẹ́ẹ̀ jọ nípa ogun Ìjàyè, èyí tí Ìbàdàn wa yìí jà láti ọdún 1860, kì í ṣe bàbà ni yóò máa wá kiri. Páànù ni yóò máa wá, àti fìtílà tí ó ti dípẹtà, àti àjákù aṣọ òkè-òkun. Irú nǹkan wọ̀nyí ni agbo ilé kan ní Kúdẹtì fi ṣe owó nígbà tí owó tán pátápátá. Obìnrin tí ó jẹ́ ìyá agbo ilé náà ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa nínú ìwé wa yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Anna Hinderer.

Àwa tí a ń gbé ní apá Baṣọ̀run, ní ìhà ìlú tuntun, kì í sábà dé Kúdẹtì. Ẹni tí yóò bá lọ síbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa ní láti la ìgboro àtijọ́ kọjá kí ó tó dé ibi tí ilé ìsìn St. David's wà. Síbẹ̀, ìtàn Kúdẹtì kàn wá. Oyè tí àdúgbò wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni oyè tí Ògúnmọ́lá jẹ ní ọdún 1865, Ògúnmọ́lá yìí sì wà nínú àwọn olórí ogun tí ó ṣẹ́gun Ìjàyè. Ìtàn àwọn alágbára ni a máa ń kọ́ ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹni tí kò mú ìbọn lọ́wọ́ ṣe la ogun kan náà kọjá.

A bí Anna Martin ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1827 ní Hempnall, ìletò kan ní ìpínlẹ̀ Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún 5 péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 12, a rán an lọ sí Lowestoft, ìlú etí òkun, láti máa gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà. Níbẹ̀ ni ó ti di ẹni mímọ̀ fún àlùfáà ìlú náà, Francis Cunningham, àti aya rẹ̀, àwọn méjèèjì sì fà á mọ́ra bí ọmọ bíbí inú wọn. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn àtimáa kọ́ ọmọdé. Kò tí ì kúrò ní ọmọdé fúnra rẹ̀ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, nígbà tí ó sì dàgbà díẹ̀ sí i, àwọn ọmọ tálákà tí aṣọ ọrùn wọn ti ya, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fojú sí, ni ó ń kó jọ láti kọ́. Ẹ kíyè sí èyí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ibi tí a ti rí i ní Lowestoft náà ni a ó ti rí i ní Ìbàdàn: láàrín àwọn ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1852, ó fẹ́ David Hinderer, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ C.M.S. Ọkùnrin yìí ti wá sí Ìbàdàn ní ọdún 1851, ó ti rí bí ìlú náà ti tóbi tó, ọkàn rẹ̀ sì ti fà síbẹ̀. Oṣù méjì péré lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn ni wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù kìíní ọdún 1853. Ibà kọ́kọ́ dá Anna dùbúlẹ̀ kí wọ́n tó lè tẹ̀ síwájú. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún náà ni wọ́n wọ Ìbàdàn.

Olúgbódé ni Baálẹ̀ ìlú nígbà náà. Ìlú ológun ni Ìbàdàn í ṣe. Ọmọ ogun ni ọkùnrin rẹ̀, ìbọn àti idà sì ni ó sọ wọ́n di olókìkí. Síbẹ̀ wọ́n gba àlejò wọn pẹ̀lú ọ̀yàyà. A fún wọn ní ilẹ̀ ní Kúdẹtì, ibẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ ilé sí, àti ilé ìsìn, àti ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ará Ìbàdàn sì máa ń sọ títí di òní pé ilé Hinderer ní Kúdẹtì ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ìlú náà.

Kò rọrùn láti rí ọmọ kó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìgbà náà. Àwọn òbí bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọ di ọ̀lẹ, tàbí pé òyìnbó yóò gbé e sálọ. Ìjòyè kan ni ó kọ́kọ́ fi ọkàn akin fi ọmọ rẹ̀ méjì sílẹ̀, Akínyẹlé tí í ṣe ọkùnrin àti Yéjídé tí í ṣe obìnrin. Ìyáàfin Hinderer gbà wọ́n sílé. Ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní aṣọ rírán, ó ń tọ́jú wọn nígbà àìsàn, ó sì ń jẹun pẹ̀lú wọn. Ìyá ni gbogbo wọn ń pè é. Kò bí ọmọ kankan nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jáde sí àgbàlá, orúkọ yìí ni yóò máa gbọ́ láti ìhà gbogbo.

Ìlera rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Ní ọdún 1856 òun àti ọkọ rẹ̀ padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti sinmi, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1858 wọ́n tún ti dé. Ní àkókò yìí ni Henry Johnson àti ẹbí rẹ̀ bá wọn wá láti Sàró. Nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni Samuel Johnson wà, ọmọ ọdún 11, ẹni tí ó wá kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí gbogbo wa mọ̀. Ní Kúdẹtì ni ọmọ náà ti kàwé, lábẹ́ ojú Ìyáàfin Hinderer. Daniel Olúbí náà wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Abẹ́òkúta tí ó bá wọn wá gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ ilé, tí ó sì di ọwọ́ ọ̀tún wọn. Iṣẹ́ ń gbèrú sí i; ẹ̀ka ti yọ ní Arẹ̀mọ àti ní Ògùnpa. Nígbà náà ni ogun dé.

Aláàfin Àtìbà wàjà ní ọdún 1859. Adélù ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́, ṣùgbọ́n Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó jẹ́ olórí Ìjàyè, kọ̀ láti tẹrí ba fún un, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí àṣà àtijọ́, ó yẹ kí Àrẹ̀mọ kú tẹ̀lé bàbá rẹ̀. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ní ọdún 1860 ogun bẹ́ sílẹ̀. Balógun Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá kó ogun jáde. Kúrunmí kú ní ọdún 1861, a sì kó Ìjàyè ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1862. Ṣùgbọ́n ogun kò tán síbẹ̀. Ó ṣí lọ sí ilẹ̀ Rẹ́mọ, ó sì ń jó lọ títí di ọdún 1865. Ní gbogbo àkókò yìí, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà Ìjẹ̀bú náà sì dí. Ìbàdàn kò rí ọ̀nà dé òkun.

Ó yẹ kí a sọ ohun tí dídí ọ̀nà jẹ́ fún owó. Owó ẹyọ ni a ń ná ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ní ìgbà náà, owó ẹyọ kì í sì í ṣe ohun tí a ń rí ní odò wa. Ọkọ̀ òyìnbó ni ó ń kó o wá láti erékùṣù Maldive nínú òkun India, àti láti Zanzibar ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, kí ó tó gba Èkó wọ ilẹ̀ wa. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan. 2,000 ni ẹgbàá. 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀kẹ́ kan sì ni ẹrù tí yóò tó alágbára aláàárù gbé. Ìwé lẹ́tà lè wà nínú fìlà ọkùnrin kan kí ó sì fi òru gba inú igbó kọjá, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọ̀kẹ́ owó pamọ́ nínú fìlà? Ẹni tí ó ní 100 ọ̀kẹ́ ní Èkó kò sàn ju akúṣẹ̀ẹ́ lọ ní Ìbàdàn bí ọ̀nà kò bá ṣí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún àwọn Hinderer. Owó iṣẹ́ wọn wà nínú ìwé ẹgbẹ́ C.M.S. ní London, pọ́n-ún àti ṣílè pé ṣánṣán. Ní ọjà Ìbàdàn, kò lè ra ẹ̀wà ẹ̀kún ọwọ́ kan.

Ìbàdàn nìkan kọ́ ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí ní àwọn ọdún wọ̀nyí. Ní Amẹ́ríkà, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1861, ó sì parí ní ọdún 1865 pẹ̀lú tiwa. Bí ogun ti ń le, olúkúlùkù ń di owó wúrà àti ti fàdákà mọ́lẹ̀, títí dé owó bàbà, tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí owó kékeré tí a lè fi ra búrẹ́dì ní ọdún 1862. Àwọn kan ń fi sítáǹbù ìwé lẹ́tà ná owó. Lẹ́yìn náà, àwọn oníṣòwò, alápatà, onísọ̀ọ̀bù àti ọlọ́tí, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó bàbà tiwọn, tí ó tó ìwọ̀n sẹ́ǹtì kan, wọ́n sì tẹ orúkọ ara wọn sí i. Orúkọ náà ni ẹ̀jẹ́. Ó túmọ̀ sí pé bí ìwọ bá gbé bàbà yìí padà wá, èmi tí mo rọ ọ́ yóò san án fún ọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ mú ẹ̀jẹ́ wọn ṣẹ. Ṣùgbọ́n a ròyìn pé ọlọ́tí kan ní New York, Gustavus Lindenmueller, rọ èyí tí ó ju 1,000,000 lọ, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ìgboro kan sì kó èyí tí àwọn èrò fi san owó ọkọ̀ wá bá a pé kí ó san án, ó kọ̀ jálẹ̀. Ní ọdún 1864 ìjọba fi òfin dá gbogbo rẹ̀ dúró. Irú owó yìí ni àwọn aṣajọ ń wá kiri lónìí. Ó kọ́ wa pé owó ìgbà ìpọ́njú kò níye lórí ju ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Kúdẹtì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn Hinderer ṣọ́ ìwọ̀nba owó ẹyọ tí ó wà nínú ilé ná. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kà á, ojoojúmọ́ ni ó sì ń dín kù. Ẹ rántí pé kì í ṣe ẹnu méjì ni wọ́n ní láti bọ́. Àwọn ọmọ wà nílé, àwọn olùkọ́ wà tí ó ń retí owó oṣù, àwọn aláìsàn ń wá, àwọn tí ogun sọ di aláìnílé ń kan ilẹ̀kùn. Ọ̀nà kan wà tí yóò ti mú kí ó rọrùn: kí wọ́n tú àwọn ọmọ ká, kí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, kí wọ́n sì máa fi ìwọ̀nba tí ó kù tọ́jú ara wọn. Wọn kò tú ilé náà ká.

Iyọ̀, tí ó ń wá láti etí òkun, di ọ̀wọ́n. Ìyẹ̀fun àlìkámà tí ó kù ni a fi pamọ́ fún aláìsàn. Ẹ̀wà tí a fi epo àti ata sè ni ó wá di oúnjẹ wọn, lónìí ẹ̀wà, lọ́la ẹ̀wà, ẹ̀wà náà kì í sì í yó ni nígbà gbogbo. Ebi pa Ìyáàfin Hinderer débi pé, ní alẹ́ mìíràn, ẹkún ni ó ń sun bí ọmọ kékeré kí oorun tó gbé e lọ. Bàtà rẹ̀ lù, aṣọ rẹ̀ gbó sí i lára, kò sì sí ibi tí òmíràn yóò gbà wá.

Nígbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ojú ọlọ́jà. Kí ni ó wà níbẹ̀ tí ará Ìbàdàn lè fi owó ẹyọ rà? Àwọn àpótí pákó tí a fi kó ẹrù wọn wá láti òkè-òkun ni a fi páànù tẹ́ nínú, kí omi òkun má baà ba ẹrù jẹ́. Ẹrù inú wọn ti tán, ṣùgbọ́n páànù kù. A bó páànù náà kúrò, a sì tà á, nítorí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú ń wá irú rẹ̀ láti fi ṣe fìtílà. Àpótí bísíkíìtì tí ó ṣófo náà bá a lọ. Lẹ́yìn èyí ni ó kan aṣọ. Ó ta aṣọ ìtẹ́bùsùn rẹ̀, ó ta ìwọ̀nba ọ̀pá aṣọ damask tí ó ní, èyí tí ojú àwọn olówó ìlú fẹ́ràn. Ohun tí a ti rò pé ó jẹ́ ìdọ̀tí di owó. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ilé di ẹ̀wà nínú ìkòkò.

Bẹ́ẹ̀ ni fìtílà páànù wọ ilé àwọn ará Ìbàdàn, tí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ fún àwọn ìyàwó tí ọkọ wọn wà lójú ogun, nígbà tí owó ẹyọ tí a fi rà á ń bọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Kúdẹtì. A kò lè ronú lórí èyí kí ó má wú wa lórí. Owó ìgbà ogun tiwa nìyẹn. Kò ní àwòrán ọba, kò ní orúkọ oníṣòwò lára, ṣùgbọ́n ó ṣe iṣẹ́ owó.

Páànù àti aṣọ pẹ̀lú ní òpin. Ohun tí kò tán ni ojú rere àwọn aládùúgbò. Àwọn kan tí kì í ṣe onígbàgbọ́ rárá, tí wọ́n ń bọ òrìṣà wọn lọ ní tiwọn, ṣàánú agbo ilé náà. Ohun tí wọ́n ṣe yìí kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu ju bí ó ti yẹ lọ. Fún ọdún méje kí ogun tó dé ni Ìyáàfin Hinderer ti ń gbé láàrín wọn. Wọ́n ti rí i bí ó ti ń wẹ egbò ọmọ wọn. Wọ́n ti rí i pé kì í purọ́, pé kì í fi ọmọ ẹni kan ṣáátá ọmọ ẹni kejì. Láìmọ̀, ó ti ń rọ owó ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, owó tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìnáwó dé, àwọn ènìyàn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wa sọ pé ènìyàn ni aṣọ. Nígbà tí aṣọ Ìyáàfin Hinderer gbó tán, àwọn ènìyàn ni ó rí fi bora.

Kí a má ṣe rò pé ìpọ́njú yìí rọrùn nítorí pé a ń ka á nínú ìwé. Àlùfáà George Jefferies, tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, kú ní ọdún 1861. Nígbà tí a kó Ìjàyè ní ọdún 1862, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mú òyìnbó kan lẹ́rú níbẹ̀, Edward Roper, tí òun náà jẹ́ ìránṣẹ́ C.M.S. Ìgbà tí ó bọ́, Kúdẹtì ni ó wá, ó sì wà lọ́dọ̀ wọn títí di ọdún 1865. Ẹnu mìíràn tún wá síbi ìkòkò ẹ̀wà kan náà. Ibà ń mú tọkọtaya náà ní àmúṣàn, àmútúnmú, kò sì sí oògùn. Lẹ́tà láti ilé a máa pẹ́ kí ó tó dé, òmíràn kì í dé rárá.

Ní oṣù kẹta ọdún 1865, John Glover tí ó ń ṣe àkóso Èkó rán ogun lọ tú àwọn Ẹ̀gbá tí ó dó ti Ìkòròdú ká. Lẹ́yìn èyí, ó gbọ́ pé àìsàn Ìyáàfin Hinderer ti le, ó sì rán Captain Maxwell pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tí ó yàn pé kí wọ́n la ọ̀nà titun gba inú igbó dé Ìbàdàn, kí wọ́n sì mú un wá. Ní òru ọjọ́ kan ní oṣù kẹrin ni wọ́n dé Kúdẹtì lójijì. Kò sí àkókò láti jókòó rò ó. Bí àwọn ọ̀tá bá gbọ́ pé ọ̀nà kan ti ṣí, wọn yóò dí i. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ní láti lọ. Ó fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ rí i pé bí ó bá dúró, kíkú ni yóò kú. David Hinderer fúnra rẹ̀ kò bá a lọ, nítorí kò sí ẹni tí yóò fi agbo ilé lé lọ́wọ́ ní òru kan. A gbé Anna sínú ibùsùn aláwọ̀n tí àwọn ọkùnrin ń fi igi gbé ní èjìká, wọ́n sì wọ inú òkùnkùn lọ. Àwọn ọmọ tí ó jí ní òwúrọ̀ wá Ìyá, wọn kò sì rí i.

Wọ́n sáré bí ẹni tí a ń lé títí wọ́n fi dé Èkó. Láti ibẹ̀ ó wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀, ta ni yóò bá a wí bí kò bá padà mọ́? Ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún 1866 ó tún gbéra, ní ọdún 1867 ó sì tún wà ní Kúdẹtì láàrín àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọdún náà ni àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n Ìbàdàn kò lé tirẹ̀. Ara rẹ̀ kò tún lè gbé e mọ́. Ní ọdún 1869 òun àti ọkọ rẹ̀ dágbére fún Ìbàdàn, èyí sì ni ìgbẹ̀yìn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1870, Anna Hinderer kú ní Martham ní Norfolk, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ àlùfáà. Ọmọ ọdún 43 ni. Ní ọdún 1872 àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó ìwé ìrántí àti lẹ́tà rẹ̀ jọ, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ìwé kan nípa ọdún 17 rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ìwé náà ni ayé ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa páànù àti ẹ̀wà Kúdẹtì.

Kí ni ó fi sílẹ̀? Kò fi owó sílẹ̀, nítorí kò ní. Ó fi ènìyàn sílẹ̀. Daniel Olúbí, tí ó bá wọn jẹ ẹ̀wà ìgbà ogun, ni ó di iṣẹ́ Ìbàdàn mú nígbà tí wọ́n lọ. A fi í joyè díákónì ní ọdún 1871, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí ó fi dàgbà, ó kú ní ọdún 1912. Samuel Johnson lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1863, ó padà wá ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn, ìwé ìtàn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ọdún 1899 a dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Kúdẹtì, níbi tí Anna ti kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ lé àwọn ọmọbìnrin Ìbàdàn lọ́wọ́. Ní ọdún 1950 ó dàpọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin C.M.S. ti Èkó, wọ́n sì di St. Anne's ní Mọ́lété.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n owó kò tán pẹ̀lú ogun Ìjàyè. Ní ìgbà ogun àgbáyé kìíní, nígbà tí owó fàdákà wọ́n, ìjọba gbé owó bébà jáde ní ilẹ̀ wa ní ọdún 1916. Àwọn bàbá wa fi ojú ìfura wò ó. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé ta ni yóò san án bí iná bá jó o, tàbí bí ikán bá jẹ ẹ́. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn owó ni ó ń sọ owó di owó.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láìpẹ́ a ó fi kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí sílẹ̀, a ó sì tú ká sí ìlú àti ìletò. Púpọ̀ nínú wa yóò dé ibi tí a kò mọ ẹnikẹ́ni. Owó oṣù lè pẹ́, ọ̀nà lè bàjẹ́, ọjọ́ kan lè dé tí kò ní sí kọ́bọ̀ nínú àpò olùkọ́, tí àwọn ọmọ yóò sì máa wo ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí wa ni ìyálọ́jà yóò wò kí ó tó wọn gààrí fún wa ní àwìn. Yóò wo bí a ti ń bá ọmọ rẹ̀ lò láti ọjọ́ tí a ti dé. Ẹ jẹ́ kí a tètè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó náà láti ìsinsìnyí, kí a sì ṣọ́ orúkọ tí a ó tẹ̀ sí i. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá sì ní ààyè ní ọjọ́ Sátidé kan, kí ó rin ìrìn láti Baṣọ̀run dé Kúdẹtì. Kò ní rí fìtílà páànù níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n yóò dúró lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti tan ín.